ÌPÀKỌ́ OBÌNRIN LÓ GBÉ E DÉ PÁRÍÌSÌ! Ẹ̀yin Oní-fọ́tò Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, Kí Lẹ Ń Wò?

"Iṣẹ́ ò sí mọ́ o!"

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu oní-fọ́tò nìyẹn, ìbáà ṣe èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú, ìbáà ṣe èyí tó ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri òde ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́. Wọn á ní fóònù ti ba iṣẹ́ jẹ́. Wọn á ní tọmọdé tàgbà ló ti di oní-fọ́tò, pé ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara ẹ̀ ti ń ya ara ẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù ló kù tí àwọn fi ń jẹun, àti ìkómọ, àti ìsìnkú. Bí ẹ bá wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú gbé kámẹ́rà yín jáde, kẹ́ ẹ lọ ya nǹkan mìíràn," wọn á wò yín tìyanu-tìyanu. "Kí ni kí n yà? Kí ló wà ní ìlú yìí tí ojú ò tíì rí?"

Ó dáa. Ẹ jẹ́ á fi ọ̀rọ̀ bàbá kan dá wọn lóhùn, bàbá tó jẹ́ pé ohun tí ojú gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ ló yà, tí ohun náà sì gbé e dé Páríìsì. Kì í ṣe fọ́tò ọba ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe fọ́tò gómìnà. Ìpàkọ́ obìnrin ni. Ẹ ò ṣìwé kà o. Ìpàkọ́!

BÀBÁ KÉTU

Orúkọ bàbá náà ni J. D. 'Okhai Ojeikere. Ọmọ Yorùbá kọ́. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ovbiomu-Emai, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, ni wọ́n bí i sí ní 1930. Ṣùgbọ́n àárín wa ló ti ṣiṣẹ́, àárín wa ló dàgbà sí, Kétu ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú ló sì ń gbé títí tó fi kú ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, 2014. Kétu tí mọ́tò Ìkòròdú ń gbà kọjá lẹ́yìn Máìlì 12 là ń wí, kì í ṣe Kétu ti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Àìmọye èèyàn Ìkòròdú ló ti bọ́ sílẹ̀ ní Kétu yẹn, tí wọ́n ra tòmátì àti ata, tí wọ́n wọ mọ́tò mìíràn, tí wọn ò sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó ń bẹ ládùúgbò.

Bàbá ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà àkọ́kọ́, Brownie D, kámẹ́rà kékeré kan báyìí tí kò ní iná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gba òun gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Wọn ò dáhùn. Ó tún kọ ọ́. Lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ó ń kọ ọ́, ó ń fi ránṣẹ́, kò sú u. Ní 1954 wọ́n gbà á. Ẹ̀yin ọmọ ìwé mẹ́wàá tí ẹ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ti ń bú ìjọba, ẹ gbọ́ o.

Ní 1961 ó di fótógíráfà nílé tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1959. Ní 1963 ó bá iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà kan, West Africa Publicity, dé Èkó, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1975 tó dá ilé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀, tó pè é ní Foto Ojeikere. Títí débí yìí, kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Oníṣẹ́ oṣù ni, wọ́n ní kó ya báyìí, ó yà á. Ohun tí à ń bọ̀ wá sọ wà nínú 1968.

IRUN TÍ KÒ NÍ PẸ́ TÚ

Ní 1968 ọ̀hún, ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà. Peter Obe, fótógíráfà ìwé ìròyìn Daily Times, ń lọ sójú ogun, fọ́tò rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ bí ogun náà ṣe rí. Iṣẹ́ akọni nìyẹn. Ojeikere ní tirẹ̀ wà ní Èkó, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ nílé, bí ìwọ bí èmi. Ohun tí ojú rẹ̀ wá bà lé ni irun orí àwọn obìnrin. Ó rí i ní títì. Ó rí i ní ọ́fíìsì. Ó rí i níbi ìgbéyàwó àti níbi àríyá gbogbo. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.

Bó ṣe yà á ni kẹ́ ẹ gbọ́. Púpọ̀ nínú wọn, kò ní kí wọ́n kọjú sóun, ẹ̀yìn ló ní kí wọ́n kọ. Ẹ rò ó wò! Obìnrin lọ ya fọ́tò, ó ti lé tìróò, ó ti kun àtíkè, wọ́n wá ní kó yí ẹ̀yìn padà. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Ìkòròdú, ìjà nìyẹn. Àmọ́ ẹ bi onídìrí, á sọ fún yín pé ẹ̀yìn niṣẹ́ wà. Tó bá jẹ́ iwájú orí, ojú àti ètè ló ń gba ògo ibẹ̀. Ìpàkọ́ ni ọwọ́ onídìrí ti ń hàn: bó ṣe la irun tó tọ́ bí okùn, bó ṣe ká a, ibi tó ti fẹ́ ẹ, ibi tó ti fún un. Ojeikere mọ èyí. Kò fi òdòdó sẹ́yìn wọn, kò gbé àga olówó ńlá síbẹ̀. Ẹ̀yìn wọn mọ́ lóló, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè gba ojú lọ́wọ́ irun. Fíìmù dúdú àti funfun ló lò.

Ó wá ń kọ orúkọ irun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Onílé Gogoro wà níbẹ̀. Ṣùkú wà níbẹ̀, àtijọ́ àti tìgbàlódé. Star Koroba wà níbẹ̀. Pineapple wà níbẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó gan-an lórí obìnrin! Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ife Bronze, bí àwọn orí idẹ tí wọ́n wú nílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Kó tó kú, irun tó ti yà ti tó ẹgbẹ̀rún kan, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń dúró de ìpàkọ́.

Kí ló ń lé e? Bàbá fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́: irun kì í pẹ́. Ẹ̀yin ìyá ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú odidi ọ̀sán kan, orí á máa ta yín bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ń jẹ. Wọ́n á pín irun sí ọ̀nà-ọ̀nà, wọ́n á fi òwú dúdú wé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìdí títí dé ṣóńṣó tí á fi le gbagidi, kí wọ́n tó wá tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n so ó pọ̀ sókè. Ẹ ò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti jókòó sílẹ̀, ẹ ń tú u. Òwú á wà nílẹ̀ bí ìdọ̀tí, wọ́n á gbá a dànù. Ta ló wá kù tó máa sọ pé irun náà wà rí? Àgbẹ̀dẹ rọ àdá, àdá wà. Káfíńtà kan àga, àga wà. Iṣẹ́ onídìrí nìkan ló jẹ́ pé ẹni tó ṣe é lówó náà ni yóò tún san owó kí wọ́n bá a tú u.

Ohun tí Ojeikere rí nìyẹn tí àwọn yòókù ò rí. Gbogbo wọn jọ wà ní Èkó kan náà, gbogbo wọn jọ ń rí irun.

Ká sì tún sọ òdodo kan. Onídìrí ló kọ́kọ́ la ojú kí oní-fọ́tò tó là á. Láyé ìgbà yẹn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga-gíga ń yọrí l'Ékòó àti ní Ìbàdàn. Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965, àwọn èèyàn ń lọ dúró ní Dùgbẹ̀ kí wọ́n ṣá lè gbé orí sókè wò ó. Orúkọ irun náà ti sọ ibi tí onídìrí ti mú un: onílé gogoro. Ó jókòó sórí àpótí nídìí iṣẹ́ ẹ̀, òòyà lọ́wọ́, ó rí ilé gogoro, ó gbé e lé oníbàárà lórí. Ó rí ọ̀pẹ̀yìnbó lórí àtẹ, ó gbé òun náà lé orí. Kò lọ yunifásítì kankan kí wọ́n tó kọ́ ọ níbẹ̀.

Ní 2000, Fondation Cartier ní Páríìsì pàtẹ àwọn fọ́tò irun yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ńlá. Ní 2007 ó dé Kassel ní Jámánì, níbi àtẹ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Documenta. Ní 2013, nígbà tó ku díẹ̀ kí bàbá kú, ó dé Venice ní Ítálì. Òyìnbó dúró, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo ìpàkọ́ àwọn ìyá wa.

Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dunni níbẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Orúkọ irun ló wà lábẹ́ fọ́tò. Orúkọ oní-fọ́tò wà níbẹ̀. Ẹni tó di irun ńkọ́? Kò sí orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí òwú gé lọ́wọ́, tí ẹ̀yìn ń dùn nítorí ìdúró, tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń dì í, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. A ò fi ìyẹn bú Bàbá Ojeikere, nítorí bí kì í bá ṣe tirẹ̀, irun náà gan-an ì bá ti lọ. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kọ́gbọ́n. Bírò kan àti ìwé kékeré kan nínú àpò kì í ṣe ẹrù.

LÁTI ẸBÚTE TÍTÍ DÉ OLÚWO

Ẹ jẹ́ á wá padà sílé. "Kí ló wà ní ìlú yìí?" Ẹ jẹ́ á rìn ín wò.

Ẹni tó bá jí lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà lápá Ìkòròdú, ní Májídùn tàbí lápá Báyẹ̀kú, á rí àwọn tó ń wa yanrìn. Ọkọ̀ onígi ni wọ́n ń wà. Ìgbòkun tí wọ́n ta sórí ẹ̀, àpò lórísìírísìí ni wọ́n rán pọ̀, èyí pupa, èyí funfun, èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ kó wú bí ikùn aboyún. Ọkùnrin á gba orí àkàsọ̀ wọ inú omi lọ, á mí kanlẹ̀, á rì, ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Á tún yọ, garawa yanrìn á wà lọ́wọ́ ẹ̀, omi á máa dà lójú ẹ̀. Yanrìn ọ̀hún ni wọ́n fi ń kọ́ ilé tí à ń gbé. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ti ń gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí lè má bá ìgbòkun àpò lójú omi mọ́. Oní-fọ́tò mélòó ló ti lọ dúró síbẹ̀?

Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìmọ́tà nìyẹn, Ìtóìkín nìyẹn. Gbogbo ojú ọ̀nà ni àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, fọ́káníṣà tó jókòó sáàárín táyà bí ọba láàárín ìjòyè, ìyá tó ń yan gàrí tí èéfín fi bojú. Ẹ má jẹ́ á dúró. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ là ń lọ.

Ẹni tí kò tíì dé Olúwo ò tíì rí ẹja. Ẹja àrọ̀, èpìyà, ọ̀bọ̀kún, edé, akàn, gbogbo ohun tí ọ̀sà ń bí. Ìgbà mìíràn ọ̀nì kékeré á wà níbẹ̀ tí wọ́n ti di ẹnu ẹ̀, ìjàpá náà á wà. Àwọn tó ń wá láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀nì yẹn ni wọ́n ń sáré yà pẹ̀lú fóònù, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Ọwọ́ ẹlẹ́ja ni kò sẹ́ni tó wò. Ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún lọ. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì fún ẹja lọ́rùn, ìpẹ́ ń fò bí ìràwọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn lápá, ó lẹ̀ mọ́ ọn nírun, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń bá oníbàárà ná ọjà, kò wo ọ̀bẹ rárá. Lápá ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ńkọ́? Wọ́n á tẹ ẹja àrọ̀ kó rí róbótó bí òrùka, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gún ìrù mọ́ orí, wọ́n á tò ó sórí àwọ̀n lórí iná, ìlà lórí ìlà, dúdú lórí pupa. Àrán ò ṣàrà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ní ọdún Kàyókàyó, òótọ́ ni. Ìyẹn ni wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó fi ìbọn ńlá lé wọn kúrò l'Ékòó ní ìparí 1851. Lọ́jọ́ ọdún yẹn, oní-fọ́tò pọ̀ ju ẹni tó ń jó lọ. Gbogbo wọn dúró sójú kan, gbogbo wọn ya nǹkan kan náà, lọ́jọ́ kejì gbogbo wọn ń du oníbàárà kan náà. Ó dáa kí wọ́n ya ọdún. Àmọ́ ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọdún ńkọ́, tí ẹni tó wọ àrán lánàá ti jókòó sídìí àwọ̀n, tó ń fi abẹ́rẹ́ onígi dí ojú ihò? Kò sẹ́ni tó ń bá a du ìyẹn.

ÈYÍ TÍ WỌ́N ṢE NÍ ÌLÁ

Ẹlòmíràn á ní, "Onífọ́tò ṣọ́ọ̀bù ni mí, mi ò lè máa rìn káàkiri bí onílù." Ìyẹn náà ní ìdáhùn. Nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an, ohun tí oníbàárà bá gbé wá ti tó gbọ́n.

Ní 1975, fótógíráfà ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn oní-fọ́tò wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1978 ó kọ ohun tó rí jáde. Ọ̀kan nínú rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ìyá ìbejì ẹ bá wa gbọ́ ọ.

Gbogbo wa mọ̀ pé láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á lọ gbẹ́ ère ìbejì, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ, kí ẹnì kejì má baà bá a lọ. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní kí wọ́n má gbẹ́ ère mọ́. Ère ṣeé kọ̀, ṣé ìyá lè kọ ọmọ? Àwọn ìyá bá gba ilé fọ́tò lọ. Ìyá á gbé Kẹ́hìndé wá, á ní òun fẹ́ fọ́tò Táyéwò. Táyéwò ti kú, wọn ò yà á rí. Kí lẹ fẹ́ kí oní-fọ́tò ṣe? Ẹlòmíràn á ní kò ṣeé ṣe, kí ìyá máa lọ.

Àwọn ará Ìlá ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya ọmọ tó wà láyé, wọ́n wá tẹ fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, tó fi dà bíi pé ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló kú tí obìnrin kù, wọ́n á kọ́kọ́ ya obìnrin náà nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀. Ìyá á gbé fọ́tò lọ sílé, Táyéwò àti Kẹ́hìndé á wà lára ògiri.

Kò sí ìwé òyìnbó kankan tó kọ́ wọn ní èyí. Oníbàárà tó ń sunkún ló kọ́ wọn. Ọgbọ́n yàrá òkùnkùn tí gbogbo ọmọṣẹ́ ti mọ̀ náà ni wọ́n lò, wọ́n kàn fetí sí ohun tí ìyá ń wí ni.

Seydou Keïta ti Bàmákò ní orílẹ̀-èdè Mali náà kò lọ jìnnà. Nígbà tó dá ilé fọ́tò sílẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler, aṣọ ìbùsùn tirẹ̀, èyí tó ní wajawaja létí, ló fi ta ẹ̀yìn oníbàárà. Lónìí aṣọ ìbùsùn yẹn wà nínú ìwé káàkiri àgbáyé.

"MÁ YÀ MÍ!"

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè ní Olúwo láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ óò gbọ́ èébú. "Má yà mí o! Ta ló rán ẹ? O fẹ́ lọ fi mí gbowó?" Wọ́n lè da omi ẹja sí yín lára. Àwọn oní-fọ́tò máa ń sọ pé ojú àwọn ìyá ọjà ò là. Irọ́ ni! Ojú wọn là dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ti ya àwọn rí, tí àwọn ò rí fọ́tò náà, débi tí wọ́n á rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ohun kejì tún ni pé ìyá ẹlẹ́ja ò fẹ́ kí wọ́n ya òun nínú aṣọ iṣẹ́. Léèsì ló fẹ́ wọ̀, gèlè ló fẹ́ wé, kó jókòó kó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Keïta ti Bàmákò mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ní aago ọwọ́, rédíò àti ọ̀kadà kékeré ní ilé fọ́tò rẹ̀ tí oníbàárà lè yá. Òun ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ojeikere náà ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ ní kí wọ́n kẹ̀yìn. Ẹ wo àwọn fọ́tò irun yẹn, ọrùn àwọn obìnrin náà nà ṣánṣán bí ti olorì.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ya ọwọ́ ẹlẹ́ja, ẹ kí i. Ẹ ra ẹja, kódà bó jẹ́ èpìyà méjì. Ẹ ní, "Màmá, iṣẹ́ ọwọ́ yín yìí ló wù mí." Ẹ bi í léèrè orúkọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ mú ẹ̀dà fọ́tò kan lọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ óò rí i pé ẹni tó bú yín lánàá ni yóò máa pè yín lọ síbi iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Owó ni à ń wí yìí o, kì í ṣe ìwà rere nìkan.

Ẹ sì yára. Akinbode Akinbiyi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn káàkiri Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ sí Bar Beach, ó ń ya àwọn aládùúrà tó wọ aṣọ funfun létí òkun, àwọn tó ń gun ẹṣin, àwọn tó kàn jókòó tí wọ́n ń wo omi. Ta ló rò pé Bar Beach á lọ? Wọ́n kó yanrìn dí i, ó di Eko Atlantic. Ẹni tó bá fẹ́ rí Bar Beach báyìí, àfi kó wo fọ́tò.

LẸ́TÀ LÓ KÙ

Àwọn obìnrin tí Ojeikere ya ìpàkọ́ wọn láti 1968 wá, àwọn tó ṣẹ́ kù nínú wọn ti di ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀ lè má mọ̀ pé irun àwọn dé Páríìsì. Bóyá ọ̀kan wà ní Ìkòròdú tó ń ta ẹ̀wà. Bóyá ọ̀kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ti fi ìborí bo orí, tí irun náà ti funfun. Ìyá tó bá rántí pé ọkùnrin oní-kámẹ́rà kan ní kóun kẹ̀yìn nígbà tóun wà lọ́mọge, kó kọ lẹ́tà sí ojú ewé lẹ́tà, tàbí kó ní kí ọmọ-ọmọ ẹ̀ bá a kọ ọ́. Kó sọ ọdún tó jẹ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kó sọ orúkọ irun náà. Kó sì jọ̀ọ́, kó má gbàgbé orúkọ ẹni tó dì í fún un.